Echo ni àbí MRI? Bí a ṣe ń yan àyẹ̀wò ọkàn fún ẹni tó ní scleroderma

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé scleroderma, àìsàn tó ń mú awọ àti ẹ̀yà inú ara le, ló ń ṣe é, awọ ara rẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń lọ sí. Ìka ọwọ́ le, kò ṣe é ká mọ́. Ojú ń dán. Awọ ọrùn àti àyà ṣe funfun-dúdú wínníwínní, àwọn aládùúgbò á sì máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ẹ̀tẹ̀ ni. Ọkàn kì í hàn síta bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí EUSTAR, ẹgbẹ́ àwọn oníwádìí scleroderma ilẹ̀ Yúróòpù, ṣe ìṣirò àwọn aláìsàn wọn tó kú, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n rí i pé nínú gbogbo 100 ikú tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ fà, 35 jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró tó di àpá, 26 jẹ́ ti ọkàn, 26 mìíràn sì jẹ́ ti ìfúnpá tó ga nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó jẹ́ pé ọkàn náà ló máa ń rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé nínú ECG, echo, MRI àti àwọn àyẹ̀wò ọkàn yòókù, èwo ló dára jù. Kò sí èyí tó dára jù. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí à ń fura sí, nítorí ọ̀nà mẹ́rin ni scleroderma máa ń gbà dé ọkàn, àyẹ̀wò tó bá sì rí ọ̀kan kedere lè má rí èkejì rárá. Ó lè mú ẹran ọkàn fúnra rẹ̀: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín inú rẹ̀ á fún pọ̀, ẹran náà á wú tàbí kó di àpá. Ó lè dí ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà, kí ọkàn máa lù ségesège. Omi lè gbára jọ sí àárín ọkàn àti awọ tó bò ó. Ẹ̀kẹrin kò ti inú ọkàn wá: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń fún, apá ọ̀tún ọkàn á wá máa tì bíi pọ́ǹpù tó ń ti omi gba páìpù tó ti há, títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kídìnrín náà lè dá sí i nígbà tí ìfúnpá bá fò sókè lójijì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú: ẹ̀jẹ̀ ríru lásán. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bíi 78 nínú gbogbo 100. Dókítà tó ń rí irú rẹ̀ láràárọ̀ lè wo ẹsẹ̀ tó wú àti èémí tó ń já lára obìnrin tó ní scleroderma, kó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, kó ní kó máa lọ sílé. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ECG àti Holter

ECG, àyẹ̀wò tó ń kọ bí iná ọkàn ṣe ń rìn sórí bébà, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kò wọ́n, ilé ìwòsàn kéékèèké náà ní in, kì í sì pẹ́ kó tó parí. Ó lè fi hàn pé iná ọkàn ń dúró lójú ọ̀nà, pé apá ọ̀tún ọkàn ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí pé àwọn lílù kan ń já wọlé nígbà tí kò yẹ. Àléébù rẹ̀ ni àkókò: nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló ń kọ sórí bébà. Ọkàn tó ń ta kìtìkìtì lóru, tó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n so wáyà mọ́ ọn, ECG á ní kò sí nǹkan kan.

Holter la fi ń yanjú ìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré ni, wọ́n á so ó mọ́ àyà yín, ẹ ó gbé e lọ sílé, á sì máa kọ gbogbo bí ọkàn ṣe ń lù fún wákàtí 24, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ 7. Tí àyà yín bá ń sáré láìnídìí, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ẹ ti dákú rí, ẹ má jẹ́ kí ECG tó dára pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Holter ni kí ẹ béèrè.

Òógùn ló máa ń bà á jẹ́ jù. Nígbà ooru, àwọn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà á máa ṣí. Lára awọ tó ti le tó sì ń dán, kì í tilẹ̀ fẹ́ lẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣe é nu ibẹ̀ gbẹ, kó sì fún yín ní díẹ̀ sí i tí ẹ ó fi pààrọ̀ èyí tó bá já. Ẹ mú bébà àti bíírò dání. Ìgbàkígbà tí àyà bá sáré, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe náà, bóyá àtẹ̀gùn lẹ ń gùn ni tàbí ẹ kàn jókòó. Bébà yẹn ni dókítà máa fi mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀rọ rí ni ohun tó ń yọ yín lẹ́nu.

Troponin T, troponin I àti NT-proBNP

Troponin jẹ́ èròjà tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹran ọkàn bá fara pa. Oríṣi méjì ni láàbù máa ń wọ̀n, T àti I, ọ̀pọ̀ sì rò pé bákan náà ni wọ́n. Fún ẹni tó ní scleroderma, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn yìí máa ń mú ẹran apá àti itan lára àwọn kan, ẹran itan tó ń fara pa sì lè gbé troponin T sókè láìjẹ́ pé ọkàn mọ̀ sí i. Troponin I ti ọkàn ni ju ti ibòmíràn lọ. Nítorí náà, tí T bá ga, tí CK, èròjà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹran ara tó fara pa, náà ga, tí apá ò sì ṣe é gbé sókè dáadáa láti fi di gèlè tàbí ya irun, ẹ ní kí wọ́n wọn I kún un kí ẹnikẹ́ni tó dẹ́rù bà yín. Tí I náà bá ga, kò sí ìjókòó mọ́: MRI ọkàn, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán ọkàn, ló kàn.

NT-proBNP, èròjà tí ọkàn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ń sọ ohun mìíràn, pé ògiri ọkàn ń fà ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í sọ bóyá apá òsì ni tàbí ọ̀tún. Kídìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń gbé e ga, ara tó sanra máa ń fà á wálẹ̀, ọjọ́ orí náà sì ní ipa tirẹ̀. Ó wù mí láti fi tẹ̀ lé ẹnìkan náà láti ọdún dé ọdún ju kí n fi dájọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Èyí tí kò ga kò ní kí àpá má wà nínú ọkàn.

Echo àti MRI ọkàn

Ibí ni owó ti ń jáde, ibí náà ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe jù.

Echo ń fi ìró tí etí kò gbọ́ ya ọkàn bó ṣe ń lù. Ó rí omi tó bá yí ọkàn ká lójú ẹsẹ̀. Ó rí fáàfù, ó ń wọn bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde àti bó ṣe ń dẹ ara láti gbà á wọlé, ó sì ń díwọ̀n ìfúnpá tó wà lápá ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀, a lè tún un ṣe lọ́dọọdún.

Àmọ́ nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń wá nínú èsì rẹ̀, ìyẹn ejection fraction, ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà tó bá lù, máa ń dára títí ọ̀rọ̀ á fi pẹ́ jù. Ọkàn tí àpá ti wà nínú rẹ̀ ṣì lè máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìdá 60 nínú 100, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kò sí wàhálà. Echo kò rí àpá. Ohun tó lè tètè ta wá lólobó ni strain, tí wọ́n ń kọ ní GLS: kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé bí ẹran ọkàn ṣe ń súnkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà yìí sì lè ti máa lọ sílẹ̀ nígbà tí ejection fraction ṣì ń dán gbinrin.

Èsì echo tó bá kàn sọ pé "normal study" kò tó fún ẹni tó ní scleroderma. Ẹ wo inú rẹ̀. Ṣé wọ́n kọ TRV sí i, ìyẹn ìyára ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn ní fáàfù tricuspid? TAPSE ńkọ́, tó ń sọ agbára apá ọ̀tún? Báwo ni yàrá òkè lápá ọ̀tún ṣe tóbi tó? Ṣé omi wà àbí kò sí? Tí wọ́n bá fo wọn, ẹ padà lọ béèrè, owó yín lẹ san.

MRI ọkàn ló ń rí ohun tí echo kò rí. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ gadolinium. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10, oògùn náà á ti ṣàn kúrò nínú ẹran tó dára, á sì kù sínú àpá, tí àpá náà á tàn funfun láàárín ẹran dúdú. Ibi tí funfun yẹn wà ṣe pàtàkì. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọkàn rẹ̀ dí, ojú inú ògiri ọkàn ni àpá tirẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì mọ sí ibi tí iṣan náà ń bọ́. Ti scleroderma sábà máa ń wà láàárín gbùngbùn ògiri, kò sì mọ ààlà iṣan kankan. MRI tún ní àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní T1, T2 àti ECV. T2 ń fi hàn bóyá ẹran ọkàn ń wú lọ́wọ́, pé àìsàn náà ṣì ń jà níbẹ̀. T1 àti ECV ń rí àpá tíntìntín tó fọ́n ká, tí kò ní hàn bí ìlà funfun. Èyí tó ń wú lè gbọ́ oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ sí agbára ààbò ara. Èyí tó ti di àpá kì í gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Prednisolone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn steroid tó ń pẹ̀rọ̀ sí ààbò ara, tó bá tó miligíráàmù 15 lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ la mọ̀ pé ó lè mú kí kídìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì lára ẹni tó ní scleroderma, pàápàá ẹni tí awọ rẹ̀ ń yára le káàkiri tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní anti-RNA polymerase III, ọ̀kan nínú àwọn antibody, ìyẹn èròjà ààbò ara tó ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Kí ẹnikẹ́ni tó kó steroid fún yín pé ọkàn yín wú, ó yẹ kí àwòrán ti sọ pé ó wú lóòótọ́.

Wàhálà MRI pọ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ihò ẹ̀rọ fún bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, wọ́n á sì máa ní kí ẹ di èémí mú. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti le kì í lè dì í mú pẹ́, ẹni tí oúnjẹ ń rú padà sí lọ́nà ọ̀fun, bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì lè dùbúlẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Yàrá náà tún máa ń tutù, òtútù sì lọ̀tá ìka ẹni tó ní Raynaud, ìyẹn kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka máa fún pọ̀ nígbà tí òtútù bá mú, nítorí náà ẹ mú ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ dání tí kò ní irin nínú. Ní ti gadolinium, oríṣi àtijọ́ rẹ̀, lára ẹni tí eGFR rẹ̀, ìwọ̀n bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò tó 30, lè fa àìsàn tó ń mú awọ le, tó jọ scleroderma débi tí èèyàn lè fi ọ̀kan pe èkejì. Àwọn oríṣi tí wọ́n ń pè ní macrocyclic ti dín ewu yẹn kù gan-an. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò, kí ẹ mú èsì creatinine yín, ìyẹn àyẹ̀wò kídìnrín, dání.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ MRI tó wà nílùú ló ń ya ọkàn. Ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ń fi tiwọn yà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ya ọkàn, bóyá wọ́n ń ṣe T1 àti T2 mapping, àti ta ni yóò ka àwòrán náà. Tí ìdáhùn wọn kò bá ṣe tààrà, èmi ò ní sanwó síbẹ̀. Echo tó ní strain lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, pẹ̀lú Holter, sàn ju MRI tí kò sẹ́ni tó lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ní àǹfààní tiyín: Royal Free jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ayé mọ̀ fún scleroderma, dókítà ìdílé yín sì lè kọ̀wé ránṣẹ́ síbẹ̀.

Echo àti rọ́bà inú ọkàn

Tí èémí bá ń já lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ̀dọ̀fóró kò sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú CT, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ ká fura sí. TRV tó bá ju 2.8 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ ká tẹ̀ lé. Tó bá kọjá 3.4, ó ṣeé ṣe gan-an pé òun ni. Ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n ni echo ń ṣe níbẹ̀. Nígbà mìíràn kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn tí wọ́n á wọ̀n, wọ́n á wá kọ ọ́ bí ẹni pé kò sí wàhálà.

Àyẹ̀wò tó ń gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì gba iṣan ọrùn, apá tàbí abẹ́ itan lọ sí apá ọ̀tún ọkàn. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn èèyàn wa nítorí wọ́n rò pé wọ́n á la àyà. Wọn kì í la àyà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gún, ọ̀pọ̀ sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ESC/ERS, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró ilẹ̀ Yúróòpù, ti 2022, PAH, ìyẹn ìfúnpá gíga tó ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wá, ni tí àròpín ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró bá ju 20 mmHg lọ, tí ìdíwọ́ inú iṣan náà ju 2 Wood units lọ, tí ìfúnpá tó ń bọ̀ láti apá òsì kò sì ju 15 lọ. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yìí ni kò sí echo tó lè dá wọ̀n dáadáa. Òun ló sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọkàn òsì tó ti le, tí oògùn PAH lè dá kún ìṣòro rẹ̀.

Ta ló yẹ kó lọ? Ìwádìí DETECT, tó jáde ní 2014, wo àwọn tí àìsàn náà ti wà lára wọn ju ọdún 3 lọ tí DLCO wọn, ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì tó ìdá 60 nínú 100. Ó da nǹkan mẹ́jọ pọ̀: bí FVC (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè fẹ́ jáde) ṣe pọ̀ ju DLCO lọ, iṣan pupa wẹ́wẹ́ tó ń hàn lójú awọ, antibody anticentromere, NT-proBNP, uric acid, àmì apá ọ̀tún lórí ECG, lẹ́yìn náà ló kan nǹkan méjì láti inú echo. Ìlànà ESC/ERS ti 2009 tí wọ́n fi wé fo 29 nínú 100 àwọn tó ní PAH; DETECT fo 4. Ohun tí èyí ná wọn ni pé DETECT rán 62 nínú 100 lọ fún rọ́bà, ti tẹ́lẹ̀ rán 40. Ní tèmi, mo fara mọ́ DETECT. Àìsàn tí wọ́n fò léwu ju rọ́bà tí wọ́n ṣe tí wọn ò rí nǹkan kan lọ.

DLCO yẹn, ẹ̀rọ èémí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti kéré nítorí awọ tó le kì í lè fi ètè di ẹnu rọ́bà náà pa, afẹ́fẹ́ á máa jò, èsì á sì burú ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n wá ẹnu rọ́bà tó kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni oximeter, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀: ìka tó tutù kì í jẹ́ kó kà dáadáa, nítorí náà etí tàbí iwájú orí ni kí wọ́n fi sí. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ó tún máa ń kà á ga ju bó ṣe wà lọ. Nínú ìwádìí Yunifásítì Michigan ní 2020, àìtó atẹ́gùn tí ẹ̀rọ náà kò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ.

Àwọn méjì tó kù

Àyẹ̀wò iṣan ńlá ọkàn, yálà pẹ̀lú CT tàbí rọ́bà, wà fún ẹni tí àyà ń dùn, pàápàá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Gígé ẹran ọkàn wò kì í sábà pọn dandan: àpá scleroderma kì í wà níbi gbogbo, ibi tó dára ni irinṣẹ́ lè lọ gé.

Ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àìsàn fún: ìfúnpá, ECG, NT-proBNP, troponin, echo tó pé, DLCO. Kí wọ́n tún wọn lọ́dọọdún. Antibody tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń sọ ibi tí ojú yẹ kó wà jù. Anticentromere, ẹ máa ṣọ́ iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Anti-Scl-70 àti anti-U3 RNP, ẹ máa ṣọ́ ẹran ọkàn náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn ẹ̀yà èèyàn yòókù lọ, ìwádìí GRASP ní Amẹ́ríkà sì fi hàn pé àìsàn yìí ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó sì ń le sí i.

Ẹni tó dákú, kó má dúró de ọdún kan. Holter lọ́sẹ̀ yìí, kí MRI tẹ̀ lé e tí owó bá wà. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń já, echo àti DLCO, lẹ́yìn náà rọ́bà. Ẹni tí ẹran ara ń dùn tí troponin I sì ga, MRI kí steroid tó wọlé.

Tí ẹ bá ń tún echo ṣe, ẹ gbìyànjú kó jẹ́ orí ẹ̀rọ kan náà, nítorí GLS tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan wọ̀n lè yàtọ̀ sí ti òmíràn lára ọkàn kan ṣoṣo, ẹ ó sì rò pé àìsàn ló ń le sí i. Ẹ gba fídíò rẹ̀ sórí CD tàbí flash pẹ̀lú bébà. Bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, dókítà tuntun lè tún TRV wọ̀n láti inú fídíò náà, kó fi wé ti tuntun fúnra rẹ̀.